Ẹni Tó Da Eérú Ni Eérú Ń Tọ̀: Ọ̀rọ̀ Lórí Ìdọ̀tí Ilé Wa

Mo kí ẹ̀yin ìyàwó ilé tí ẹ máa ń ka ojú ìwé yìí nígbà tí ọbẹ̀ bá wà lórí iná. Mo sì kí ẹ̀yin baálé ilé tí ẹ máa ń fo ọ̀rọ̀ ìlera kọjá lọ sí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró tì wá díẹ̀ lónìí, nítorí pé ọ̀rọ̀ yìí kan tọkọtaya, ó kan onílé, ó sì kan ayálégbé.

Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ bi yín. Bí ẹ bá gbá ilé tán ní àárọ̀, níbo ni ohun tí ẹ gbá jọ ń lọ? Ẹnì kan yóò dáhùn pé, "A dà á nù." Ẹlòmíràn yóò ní, "A dáná sun ún." Ṣùgbọ́n nínú ìlú tí ilé fara ti ilé, níbo ni "nù" wà? Ohun tí a dà sínú gọ́tà lónìí, òjò yóò gbé e dé ẹnu ọ̀nà ẹlòmíràn. Ohun tí a sun lẹ́yìnkùlé, afẹ́fẹ́ yóò gbé èéfín rẹ̀ wọ yàrá tí ọmọ ń sùn sí. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tán pé ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Èmi tí mo ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní dìsípẹ́ńsárì mọ ọ̀nà tí ó ń gbà padà. Ó ń padà bí ikọ́, ó ń padà bí ìgbẹ́ gbuuru, ó sì ń padà bí ibà.

LÁYÉ ÀWỌN WỌLÉ-WỌLÉ

Ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó àyíká kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun láàárín wa. Ní ọdún 1924, àrùn burúkú kan tí eku àti iná ara eku ń gbé kiri, èyí tí Òyìnbó ń pè ní plague, bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó. Kò sì kúrò bọ̀rọ̀. Dókítà Isaac Ladipo Oluwole wà lára àwọn oníṣègùn ìjọba tí ó gbógun tì í. Òun náà ni a sì ń rántí mọ́ ilé ẹ̀kọ́ ìmọ́tótó tí ó wà ní Yàbá, níbi tí a ti ń kọ́ àwọn tí a mọ̀ sí wọlé-wọlé ní iṣẹ́.

Àwọn ìyá wa àgbà bẹ̀rù wọlé-wọlé ju ọlọ́pàá lọ. Bí ó bá wọlé, yóò ṣí ìkòkò omi wò bóyá tanwíjí wà nínú rẹ̀. Yóò wo ẹ̀yìnkùlé, yóò wo ilé ìdáná, yóò wo ṣáláńgá. Ẹni tí ilé rẹ̀ bá dọ̀tí, ó di iwájú adájọ́.

Ṣùgbọ́n ìdọ̀tí ìgbà náà yàtọ̀ sí tiwa. Ewé tí a fi pọ́n ẹ̀kọ ni, èèpo iṣu ni, eérú ààrò ni, eèrí ògì ni. Ewúrẹ́ a jẹ nínú rẹ̀, ìyókù a sì jẹrà lórí ààtàn. Kí òjò tó rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, tẹ̀tẹ̀ ti hù níbẹ̀. Lóde òní, ẹ wo orí ààtàn kan náà: ọ̀rá omi, ike ọtí ẹlẹ́rìndòdò, abọ́ funfun fífúyẹ́ tí àwọn olóúnjẹ fi ń di ìrẹsì, ìlédìí ọmọ tí a ń lò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, òkúta tọ́ọ̀ṣì. Ewúrẹ́ tí ó bá jẹ ọ̀rá, ó lè kú. Ilẹ̀ kò sì mọ bí yóò ti jẹ ẹ́. Ọ̀rá tí ẹ jù sílẹ̀ ní ọjọ́ ìkómọ yín lè wà nínú ilẹ̀ títí ọmọ náà yóò fi di àgbà. Ìwà tí a ń hù sí ìdọ̀tí kò yí padà, ṣùgbọ́n ìdọ̀tí fúnra rẹ̀ ti yí padà. Ibẹ̀ ni wàhálà wà.

Ọ̀NÀ KÌÍNÍ TÍ Ó Ń GBÀ PADÀ: ÈÉFÍN

Èéfín ọ̀rá àti ike kì í ṣe ẹgbẹ́ èéfín igi rárá, bí èéfín igi náà kò tilẹ̀ dára. Nínú rẹ̀ ni eérú kan wà tí ó kúnná tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò lè rí i. Bí a bá mí i símú, ó ń lọ títí dé ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró. Oríṣi ike kan sì wà, èyí tí a fi ń ṣe páìpù omi àti èèpo wáyà iná. Bí a bá sun ún, ó ń tú oró kan jáde tí àwọn onímọ̀ ń pè ní dioxin. Oró yìí kì í tètè kúrò lára ènìyàn. Ó ń bọ́ sórí ewébẹ̀, ó ń bọ́ sílẹ̀ níbi tí adìẹ ti ń jẹ̀. A sì máa fara pamọ́ sínú ọ̀rá ẹran, sínú ẹyin àti sínú wàrà. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹni tí kò mí èéfín náà símú lè jẹ ẹ́ nínú oúnjẹ.

Àwọn ọmọdé ni ó ń bá jà jù. Bí a bá fi ìwọ̀n ara wọn wé tiwa, afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń mí símú pọ̀ ju tiwa lọ, ẹ̀dọ̀fóró wọn sì ń dàgbà lọ́wọ́.

Ìyá kan máa ń gbé ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́rin, wá sọ́dọ̀ wa. Ikọ́ fée ni ó ń ṣe é. Bí mo ti ń yẹ káàdì rẹ̀ wò, mo rí i pé ọjọ́ Ajé ni ó sábà máa ń wá. Mo bi í pé, "Ìyá ọmọ, kí ni ẹ máa ń ṣe nílé ní òpin ọ̀sẹ̀?"

Ó ní, "Màmá nọ́ọ̀sì, ilé la máa ń tún ṣe. Bí a bá gbálẹ̀ tán ní Sátidé, bàbá onílé á kó gbogbo rẹ̀ jọ sẹ́yìn fèrèsé wa, wọ́n á dáná sí i. Ó máa ń rú títí di ọjọ́ kejì."

Mo ní, "Ṣé ẹ ti bá wọn sọ̀rọ̀?"

Ó wò mí lójú. Ó ní, "Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, Màmá. Ta ni yóò sọ fún bàbá onílé? Bí wọ́n bá ní kí a kó jáde ńkọ́?"

Ọ̀rọ̀ ìyá yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Èmi yóò tún padà sórí rẹ̀ nísàlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ pé kì í ṣe ẹ̀yìnkùlé nìkan ni a ti ń sun ọ̀rá. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń fi ọ̀rá omi tan iná èédú. Èéfín àkọ́kọ́ yẹn ni ìyá tí ó pọnmọ máa ń tẹrí bà lé lórí, ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ náà sì ń mí i. Ẹ fi í sílẹ̀. Ihá ẹyìn gbígbẹ dára, oguṣọ̀ dára, kùùkù àgbàdo dára, èèpo àgbọn náà dára. Bákan náà, bí ẹ bá mọ̀ pé táyà ni wọ́n fi wi pọ̀nmọ́, ẹ má rà á.

Ní ti iná ìdáná fúnra rẹ̀, Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé ènìyàn tí ó tó mílíọ̀nù 3.2 ni èéfín inú ilé ṣe okùnfà ikú wọn ní ọdún 2020. Bí igi tàbí èédú ni ẹ ń dá, ẹ dá a níta tàbí níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń wọlé jáde. Ẹ lo igi gbígbẹ, ẹ rẹ ẹ̀wà sómi mọ́jú kí ó lè tètè jinná, ẹ sì máa dé ìkòkò. Igi tí ẹ kò sun, owó ni, àlàáfíà sì ni pẹ̀lú. Ẹ má ṣe gbé ààrò èédú wọ yàrá tí ẹ ti ilẹ̀kùn rẹ̀ nítorí òtútù. Ẹ má sì ṣe gbé ẹ̀rọ amúnáwá sí abẹ́ fèrèsé tàbí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Afẹ́fẹ́ olóró kan ń jáde lára àwọn méjèèjì tí kò ní òórùn, tí kò sì ní àwọ̀. Ojú oorun ni ó ti ń pa ènìyàn.

Bí ọmọ tí ó ń wúkọ́ bá ń mí hẹlẹhẹlẹ, tí ìsàlẹ̀ àyà rẹ̀ ń kó wọlé nígbà tí ó bá ń mí, tàbí tí kò lè mu ọmú, ẹ má dúró de àgbo. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Ọ̀NÀ KEJÌ: OMI

Àwọn ará Ìbàdàn kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ohun tí Omíyalé jẹ́ fún wọn. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa kún bo bèbè, ó wó ilé, ó gbé ọkọ̀, ó sì pa ènìyàn tí ó ju ọgọ́rùn-ún lọ. Òjò ọjọ́ náà pọ̀ lóòótọ́, àwọn ènìyàn sì ti kọ́lé sí bèbè odò. Ṣùgbọ́n ìdọ̀tí tí a ti dà sínú odò náà láti ọdún pípẹ́ kò jẹ́ kí omi rí ọ̀nà kọjá. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2011, àgbàrá tún ya wọ ìlú kan náà, ẹ̀mí tí ó sọnù sì tún ju ọgọ́rùn-ún lọ.

Omíyalé ni ìwé ìròyìn ń gbé. Ohun tí ìwé ìròyìn kì í sábà gbé ni ti gọ́tà ojú ilé tí ó dí pẹ̀lú ọ̀rá, tí omi ìdọ̀tí inú rẹ̀ sì kún wọ kànga. Omi kànga náà lè mọ́ lójú, kó sì tutù lẹ́nu, síbẹ̀ kí àrùn wà nínú rẹ̀. Láti inú irú omi bẹ́ẹ̀ ni ìgbẹ́ gbuuru, ibà jẹ̀funjẹ̀fun àti onígbáméjì ti ń wá. Nígbà tí onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó ní oṣù kẹfà ọdún 2024, ìpè tí ìjọba ń pè ni pé kí a se omi mu, kí a fọ ọwọ́, kí a sì kó ìdọ̀tí kúrò ní àyíká.

Ẹ jẹ́ kí n dá ọ̀rọ̀ ìlédìí dúró lọ́tọ̀, nítorí pé ó ń dùn mí lọ́kàn. Àwọn ìyá kan gbà pé ìgbẹ́ ọmọ ọwọ́ kò ní àrùn nínú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àrùn tí ó wà nínú ìgbẹ́ àgbà wà nínú ti ọmọdé pẹ̀lú. Ìyá tí ó bá ká ìlédìí ọmọ, tí ó jù ú sí gọ́tà lóru, ó dà bí ẹni tí ó gbé póò ọmọ da sínú omi àdúgbò. Ẹ gbọn ìgbẹ́ inú rẹ̀ sínú ṣáláńgá tàbí ilé ìgbẹ́ kí ẹ tó dì í dáadáa fún àwọn akólẹ̀. Bí ẹ bá sì wà nílé, ẹ lo ìlédìí aṣọ bí ti àwọn ìyá wa. Ẹ fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́, ẹ sá a sí oòrùn kí ó gbẹ dénú. Ẹ fi ti olówó iyebíye yẹn pamọ́ de ọjọ́ ìrìn àjò àti ọjọ́ òde.

Ọ̀NÀ KẸTA: Ẹ̀FỌN ÀTI EKU

Láti ìgbà tí ẹ̀fọn bá ti yé ẹyin sínú omi, títí tí ọmọ rẹ̀ yóò fi fò, kì í ju bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì lọ. Agolo tòmátì kan tí òjò rọ̀ sí tó fún un. Táyà àlòkù tó fún un, ìdérí ike náà tó fún un. Ẹ̀fọn tí ó ń gbé ibà pọ́njú fẹ́ràn irú agolo àti táyà bẹ́ẹ̀ púpọ̀. Èyí tí ó ń gbé ibà lásán kiri náà ń yé sínú omi adágún. Láti ọdún 2017 ni ibà pọ́njú ti tún ń bẹ́ sílẹ̀ níbí àti níbẹ̀ ní orílẹ̀-èdè wa, lẹ́yìn tí ọ̀pọ̀ ti gbà pé a ti gbàgbé rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá yí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ká lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, tí ó da omi inú gbogbo nǹkan bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, ti pa ẹ̀fọn kí ó tó bí i. Kò sì ná kọ́bọ̀ lórí òògùn.

Ní ti eku, oúnjẹ tí a dà sílẹ̀ láìbò ni ó ń pè é wá. Ní ìlú Lassa, tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Borno báyìí, ni a ti kọ́kọ́ mọ ibà Lassa ní ọdún 1969. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àrùn òkè ọya nìkan mọ́. Ìpínlẹ̀ Oǹdó wà lára àwọn ibi tí ó ti ń jà jù lọ. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ irú eku kan ni ó ń gbé e. Bí eku bá ti orí ìdọ̀tí wọ inú ilé, tí ó gun orí gàárì tí a kò dé, àrùn ti dé inú abọ́. Ẹ dé ìdọ̀tí, ẹ dé oúnjẹ.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ A ṢE: Ẹ PÍN ÌDỌ̀TÍ SÍ MẸ́RIN

Ẹ wá nǹkan mẹ́rin: garawa àlòkù, agbọ̀n, páálí tàbí àpò ìrẹsì. Kò dìgbà tí ẹ bá ra tuntun. Ohun tí ó mú kí ìdọ̀tí nira ni pé a ń da gbogbo rẹ̀ pọ̀. Bí a bá yà á sọ́tọ̀, ẹ óò rí i pé èyí tí ó jẹ́ ìdọ̀tí ní tòótọ́ kò pọ̀.

Èkíní ni ohun tí ó lè jẹrà: èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, èèpo ọsàn, ìdí ẹ̀fọ́, eèrí ògì, ewé tí a fi pọ́n mọ́ínmọ́ín. Ẹni tí ó ní ẹran ọ̀sìn ti rí oúnjẹ fún un. Ẹni tí kò ní, kí ó gbẹ́ kòtò kékeré tí ó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà méjì. Bí ilẹ̀ kò bá sí, kí ó lu ihò sí ìdí garawa àlòkù. Ẹ da èèpo sí i, ẹ fi ewé gbígbẹ lé e, ẹ fi iyẹ̀pẹ̀ díẹ̀ bò ó. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ óò máa tò ó léra. Kí ó tutù díẹ̀, kí ó má ṣe rin gbìndìn. Ẹ máa rò ó pọ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ní bí oṣù méjì sí mẹ́ta, yóò ti di ajílẹ̀ dúdú tí òórùn rẹ̀ dà bí ti ilẹ̀ lẹ́yìn òjò. Ẹ fi gbin ṣọkọ, ewúro tàbí ata sínú ike àlòkù. Ẹ má ṣe fi ẹran, ẹja, epo tàbí oúnjẹ sísè sí i, nítorí eku. Ẹ má sì ṣe gbẹ́ kòtò náà sí tòsí kànga. Kí ó jìnnà tó ọgọ́rùn-ún ẹsẹ̀ bàtà bí àyè bá wà. Bí àyè kò bá sí, ẹ lo garawa.

Èkejì ni ohun tí ó lè tún wúlò: ike, agolo, ìgò, ìwé, irin. Ẹ ṣàn wọ́n kí eèrà má baà bò wọ́n, ẹ dojú wọn dé kí òjò má baà rọ̀ sí wọn. Àwọn tí ń ti ọmọlanke kiri yóò rà wọ́n lọ́wọ́ yín. Owó náà lè máà pọ̀, ṣùgbọ́n ó sàn ju kí ẹ sanwó láti kó wọn dànù lọ.

Mo ní ìkìlọ̀ kan níbi tí mo dé yìí. Kì í ṣe gbogbo ìgò ni a ń tún lò fún gbogbo nǹkan. Ẹ má ṣe rọ kẹrosíìnì tàbí òògùn apakòkòrò sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò láéláé. Ọmọ tí òùngbẹ ń gbẹ kò mọ ìyàtọ̀. Bí ọmọ bá sì ti mu kẹrosíìnì, ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má sì fi ìka gún un lọ́fun kí ó lè bì. Bí ó bá bì í, ó lè ṣàn wọ ẹ̀dọ̀fóró, ibẹ̀ sì ni ó ti ń pani. Ẹ gbé e sáré wá sí ilé ìwòsàn. Bákan náà, ike tí a ti rọ òògùn apakòkòrò sí rí kò gbọdọ̀ gba epo tàbí omi mímu mọ́, bí ó ti wù kí ẹ fọ̀ ọ́ tó.

Ẹ̀kẹta ni ohun olóró àti ohun mímú: òkúta tọ́ọ̀ṣì, gílóòbù iná tí ó ti jó, abẹ, abẹ́rẹ́, òògùn tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá. Ẹ kó abẹ àti abẹ́rẹ́ sínú ike líle tí ó ní ìdérí. Àwọn tí ó ń gún abẹ́rẹ́ àtọ̀gbẹ nílé, kí wọ́n gbé ike náà tọ nọ́ọ̀sì wọn lọ bí ó bá ti fẹ́ kún. Ẹ bi ilé òògùn bóyá wọ́n ń gba òògùn àtijọ́. Bí wọn kò bá gbà á, ẹ pò ó mọ́ iyẹ̀pẹ̀ tàbí eérú kí ó má ṣe é jẹ, kí ẹ dì í pinpin kí ẹ tó fi sí ìdọ̀tí. Ẹ má dà á sí gọ́tà. Kò sí èyí tí iná yẹ fún nínú àwọn nǹkan wọ̀nyí. Agolo òògùn ẹ̀fọn tí a ń fọ́n pàápàá, bí ó bá bọ́ sínú iná, a máa bú gbàmù, ó sì lè fọ́ ènìyàn lójú.

Ẹ̀kẹrin ni ìyókù: ọ̀rá tí ó ti dọ̀tí, ìlédìí, òkìtì ilẹ̀ gbígbá. Èyí nìkan ni ti àwọn akólẹ̀. Ẹ dì í, ẹ dé e, ẹ má sì gbé e síta títí ajá yóò fi tú u.

ẸNU Ọ̀NÀ NI KÍ A TI DÁ A DÚRÓ

Ìdọ̀tí tí kò wọlé, a kò ní wá ibi tí a óò dà á sí. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kékeré kan. Bí ilé kan bá ní ènìyàn mẹ́fà, tí olúkúlùkù ń mu omi ọ̀rá mẹ́ta lójúmọ́, ọ̀rá 18 ni lójoojúmọ́. Ní ọgbọ̀n ọjọ́, ó di 540. Ní ọdún kan, ó lé ní 6,500. Ẹ wá fi iye ilé tí ó wà ní àdúgbò yín sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ tó wo gọ́tà tí kò fẹ̀ ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ.

N kò sọ pé kí ẹ mu omi tí kò dára o. Bí omi tí ó ṣeé gbọ́kàn lé kò bá sí níta, ẹ mu ti ọ̀rá. Ṣùgbọ́n nínú ilé, ẹ sẹ́ omi, ẹ sè é kí ó hó yaya fún ìṣẹ́jú kan, ẹ jẹ́ kí ó tutù, kí ẹ sì rọ ọ́ sínú àmù tí ó ní ìdérí. Ẹ fi ago onígbọọrọ bù ú, kí ọwọ́ má kàn án. Ẹ sè é nígbà tí iná bá ti wà nílẹ̀ fún oúnjẹ, kí epo má baà jó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ fi omi sínú ìgò fún àwọn ọmọ tí ó ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́.

Ẹ jẹ́ kí a tún padà sí ewé. Ewé eéran àti ewé gbọ̀dọ̀gì kò tíì tán lọ́jà. Mọ́ínmọ́ín tí a sè nínú ọ̀rá, ooru iná lè yọ ohun tí kò yẹ kí ó wọ oúnjẹ jáde lára ọ̀rá náà. Ti inú ewé sì ń ta sánsán. Ẹ fọ ewé náà tinú-tẹ̀yìn kí ẹ tó lò ó. Bí ẹ bá ń lọ sọ́jà, ẹ mú agbọ̀n tàbí àpò aṣọ dání. Bí ẹ bá fẹ́ ra ìrẹsì lọ́wọ́ olóúnjẹ, ẹ gbé abọ́ tí ó ní ìdérí lọ. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti kéde ní oṣù kìíní ọdún 2024 pé òun fi òfin de abọ́ funfun fífúyẹ́ yẹn. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí a dúró de òfin kí a tó gbé abọ́ ilé wa dání.

"ILÉ KAN ṢOṢO KÒ LÈ TÚN ÌLÚ ṢE"

Ọ̀rọ̀ tí mo máa ń gbọ́ jù nìyí, òótọ́ díẹ̀ sì wà níbẹ̀. Bí èmi kò bá sun ìdọ̀tí, tí aládùúgbò mi ń sun, èéfín náà ni èmi yóò mí. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Sísọ ni ó kù. Bí a ó ti sọ ọ́ ni ọgbọ́n wà.

Ẹ rántí ìyá ọmọ tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Mo sọ fún un pé kí ó má lọ bá bàbá onílé nìkan, kí ó má sì lọ bí ẹni tí ó fẹ́ jà. Mo kọ ohun tí èéfín ń ṣe sí ọmọ rẹ̀ sínú ìwé péńpé kan. Òun àti àwọn obìnrin mẹ́ta tí ọmọ tiwọn náà kéré kúnlẹ̀ kí bàbá náà ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n sì mú ọ̀nà àbáyọ dání: pé gbogbo ojúlé yóò máa dá owó akólẹ̀ lóṣooṣù, àti pé àwọn yóò máa ya èèpo sọ́tọ̀ fún ewúrẹ́ bàbá. Bàbá náà ní òun kò mọ̀ pé èéfín lè ṣe bẹ́ẹ̀. Owó tí akólẹ̀ ń gbà ni òun kò fẹ́ dá nìkan san láti ọjọ́ yìí wá. Wọ́n pa iná Sátidé tì. Ikọ́ fée kò kúrò lára ọmọ náà, nítorí pé kì í ṣe àrùn tí ń kúrò bẹ́ẹ̀, ó sì ń lo òògùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n a kì í rí i ní ọjọọjọ́ Ajé mọ́.

Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ ẹ̀yin onílé. Ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ yín ń múlẹ̀. Ẹ pèsè ibi tí a óò máa kó ìdọ̀tí sí, kí ó ní ìdérí. Ẹ pe àwọn ayálégbé jọ lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí ẹ jọ kó gọ́tà. Kí a má sì kó ẹrẹ̀ inú gọ́tà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí òjò tún gbé e padà. Ẹ̀yin ọkọ, ìdọ̀tí kì í ṣe iṣẹ́ obìnrin nìkan. Ẹni tí ó mọ bí a ti ń tan ẹ̀rọ amúnáwá mọ bí a ti ń da èèpo sí kòtò. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

IṢẸ́ Ọ̀SẸ̀ YÌÍ

Ẹ má gbìyànjú láti ṣe gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ní ọ̀sẹ̀ yìí, ohun mẹ́ta ni mo ń bẹ̀ yín fún. Èkíní, ẹ ya èèpo oúnjẹ sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀rá, kí ẹ sì wo bí garawa ìdọ̀tí yín yóò ti fúyẹ́ tó. Èkejì, ẹ yí ẹ̀yìnkùlé ká ní Sátidé pẹ̀lú àwọn ọmọ yín, kí ẹ da omi inú gbogbo agolo àti táyà sílẹ̀. Kí ẹni tí ó bá kọ́kọ́ rí tanwíjí gba ẹ̀bùn ẹran kan lórí oúnjẹ rẹ̀. Ẹ̀kẹta, ẹ má fi iná kan ọ̀rá kankan, ì báà ṣe ẹyọ kan láti tan èédú.

Bí ẹ bá ti mọ èyí lára, ẹ fi ìyókù kún un ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Nígbà náà, bí ẹ bá tilẹ̀ wá kí wa ní dìsípẹ́ńsárì, kó jẹ́ pé abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ ni ẹ wá gbà, kó má jẹ́ pé ìgbẹ́ gbuuru ni ó gbé yín dé.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Àlàáfíà yóò máa jọba nínú ilé gbogbo wa o.